Àwòrán Ẹ̀dọ̀fóró Tí A Fi Ń Mọ Ojúlówó

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní ọsibítù pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń bá ọ jà, ìwọ ni mo ń kọ èyí sí. Ìwọ tí o ń fa ṣíṣà lọ́wọ́, tí o rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn ọ́, ìwọ náà jókòó. Mi ò kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè ṣàánú mi. Inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le jù, ẹ fi orí jì mí, ẹni ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀.

Bùnmi ni orúkọ mi, ọmọ Jọ́ga-Orílé. Bàbá mi ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Èmi náà di tíṣà. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìlaròó. Ní agbègbè wa, ẹni tó bá lè ka Faransé kì í sinmi. Wọ́n á gbé ìgò oògùn wá bá ọ, wọ́n á gbé páálí ẹ̀rọ wá, pé kí o bá wọn wò ó, ṣé lóòótọ́ ló ti ìhà ọ̀hún ẹnubodè, ní Kútọnu, wá. Nítorí àwa ará ẹnubodè, láti kékeré la ti ń kọ́ bí a ṣe ń mọ ọjà. Òróró ni o, tòmátò inú agolo ni o, bí a kò bá ti rí Faransé lára rẹ̀, a ó ní ayédèrú ni. Ọgbọ́n tiwa nìyẹn. Ọgbọ́n náà ló sì fẹ́ pa mí.

Ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Patírọ̀n ló ni ibi tí a ti ń fa ṣíṣà. Abẹ́ igi máńgòrò ni, pẹ̀lú àga ike, orin, àti àwọn ìkòkò ṣíṣà tó ń dán. Àwa mẹ́ta la máa ń jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé: èmi, Rónkẹ́ tó ń ṣerun, àti Jídé tó ń tún fóònù ṣe. Kò sí ẹni tó ka ara rẹ̀ sí amusìgá nínú wa. Bí o bá na sìgá sí Rónkẹ́, èébú ni yóò fi dá ọ lóhùn. Sìgá ń rùn, ṣíṣà ń ta sánsán bí ápù. Jídé a sì máa sọ pé omi inú ìkòkò ló ń fọ èéfín náà, pé kó tó dé ẹnu wa, ó ti wẹ̀ mọ́. A gbà á gbọ́, nítorí pé ó wù wá láti gbà á gbọ́.

Nígbà tí ìjọba wá ti ẹnubodè, gbogbo nǹkan yí padà. Kọ́sítọ́ọ̀mù gba ọ̀nà kan, sójà gba ìkejì. Wọ́n ní ilé epo tó bá súnmọ́ ẹnubodè kò gbọdọ̀ gba epo mọ́, la bá ń ra pẹtiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì bí ẹni ń ra òróró. Ìrẹsì di ohun tí wọ́n ń fi aṣọ bò. Tábà ṣíṣà náà wọ́n, ni àwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í po tiwọn nílé. Wọ́n á po ewé tábà mọ́ ṣúgà, wọ́n á ta aró pupa sí i, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á ní Kútọnu ló ti wá. Ó ń ta ni lọ́fun, ó ń fọ́ ni lórí, àwọn oníbàárà Patírọ̀n sì ń kùn.

Ní Sátidé kan, Patírọ̀n dé láti apá Ifọ́nyìntẹ̀dó, ó ti gba ọ̀nà inú igbó, eruku bò ó tórí tẹsẹ̀. Ó gbé páálí tábà kan kalẹ̀ níwájú wa. Àwòrán ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn ló wà lára rẹ̀, ó dúdú, ó jẹrà, bí ẹran tó kú sójú títì. Wọ́n kọ Faransé sábẹ́ rẹ̀.

"Màdáàmù," ó ní, "ẹ bá wọn kà á, kí wọ́n yéé kùn."

Mo dìde. Mo kà á sókè, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ igi náà. "*Fumer tue*. Ìyẹn ni pé, fífa èéfín yìí ń pani." Mo ka ìlà kejì, tó ní ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Mi ò fo ọ̀rọ̀ kan, mi ò sì ṣì í túmọ̀. Ńṣe ni wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Orijínà nìyí!" Jídé fò sókè. "Àwọn tó ń pò ó sínú ọ̀rá yẹn, ta ló máa kọ irú èyí nínú wọn?"

Patírọ̀n ń rẹ́rìn-ín. "Mo bi yín o, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ, ṣé á kọ ọ́ síbẹ̀ pé á pa yín?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí. A ṣe bí ẹni pé ẹni tó bá lè sọ òótọ́ nípa ikú kò lè ta ọjà burúkú. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé tábà tí kò ní àwòrán jáde, àwọn ọmọ á dá a padà. "Èyí ò ní ẹ̀dọ̀fóró o!" Báyìí ni wọ́n ṣe ń pè é. Kò pẹ́ tí Patírọ̀n fi lọ tẹ báńà. Ó ní kí wọ́n ya páálí náà sí i, kí wọ́n sọ ẹ̀dọ̀fóró dúdú yẹn di ńlá láàárín, kí wọ́n sì kọ OJÚLÓWÓ KÚTỌNU sókè rẹ̀. Ó gbé e kọ́ sójú títì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò, wọ́n ń na ìka sókè, wọ́n ń gbé e sórí fóònù. Ẹni tó ṣe àwòrán yẹn fẹ́ fi dẹ́rù bà wá ni. Àwa fi í ṣe èdìdì.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kì í ka ìkìlọ̀. Irọ́ ni. A kà á. Èmi ni mo kà á sí wọn létí. Rónkẹ́ ní àwọn tó ń fà á lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bá wí, pé tiwa kò ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Jídé ní jẹjẹrẹ, àìsàn àwọn bàbá arúgbó ni, pé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa àwọn dókítà á ti rí oògùn rẹ̀. Èmi ní tèmi, mo wo àwòrán náà, mo sì sọ pé ẹ̀dọ̀fóró òyìnbó ni.

Nǹkan mìíràn tún wà. Kí wọ́n tó ti ẹnubodè, olúkúlùkù wa ló ní ike kékeré tó ń fi sẹ́nu róbà ṣíṣà kó tó fà á. Ike yẹn náà, ìhà ọ̀hún ló ti ń wá. Nígbà tó wọ́n, Patírọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi ṣan ti àná. Nígbà tó sì tán pátápátá, a ń fẹnu lásán fa róbà kan náà, láti ẹnu dé ẹnu. A kò tilẹ̀ nù ún. Ojú ń tì wá láti nù ún, kó má dà bí ẹni pé à ń kórìíra ẹnìkejì wa. Nígbà ọyẹ́, Jídé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Yóò wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní "Ọyẹ́ ni jàre," yóò sì na róbà sí mi. Èmi náà á gbà á.

Ikọ́ tèmi kò bẹ̀rẹ̀ bí àìsàn. Bí ìgbà tí nǹkan há ni lọ́fun ni. Mo ní ẹfun tí a fi ń kọ̀wé sójú pátákó ni, mo ra oògùn ikọ́ ní kẹ́mísìtì. Ìgò yẹn tán, mo ra òmíràn. Àárẹ̀ wá mú mi, kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń sùn tí í lọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, aṣọ ìbora mi á rin gbingbin fún òógùn, nínú òtútù ọyẹ́ yẹn. Síkẹ́ẹ̀tì mi ń bọ́ ní ìdí mi, Rónkẹ́ sì ń kí mi pé mo rí tẹ́ẹ́rẹ́, pé kí n sọ àṣírí oúnjẹ tí mò ń jẹ fún òun. Lọ́jọ́ kan tí mò ń pe ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi kí wọ́n lè pè é tẹ̀lé mi, ikọ́ gbé mi, mo fi áńkáṣífì bo ẹnu. Nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ká a mọ́ ọwọ́. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn.

Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n lọ sí ọsibítù. Mo mọ̀ pé wọ́n á rí nǹkan. Kí n tó gbójúgbóyà, kòrónà dé, ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́, owó oṣù dúró. Mo di ẹrù mi, mo forí lé Jọ́ga. Nínú mọ́tò tí mo wọ̀, mo ń gbìyànjú láti gbé ikọ́ mì. Ikọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé mì. Nígbà tó bú jáde, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi figbe ta. "Dẹ́rẹ́bà, dúró o! Kòrónà ti wà nínú mọ́tò yìí!" Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ sójú ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi. Dẹ́rẹ́bà kò dá owó mi padà. Àbúrò mi ọkùnrin ló fi ọ̀kadà wá gbé mi.

Nílé, oògùn pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Màmá mi fún mi ní oyin àti orógbó. Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà da òróró sí mi lórí. Ẹ̀gbọ́n Màmá mi, tí a ń pè ní Màmá Ẹ̀gùá nítorí ibẹ̀ ló ń gbé, dé pẹ̀lú ìgò àgbo mẹ́ta, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí.

"Ikọ́ ẹ̀gbẹ rèé," ó ní. "Ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Ta ni o gba ipò rẹ̀ nílé-ìwé yẹn?"

Bàbá mi wọ ṣòkòtò rẹ̀ tó fi ń lọ sí ìpàdé, ó ní kí n dìde, ọsibítù yá.

Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ojú aláìsàn ń rí, wúkọ́ nínú ọgbà ọsibítù ní ọdún kòrónà. Abẹ́ igi ni wọ́n kó àwa tó ń wúkọ́ sí, nọ́ọ̀sì dúró lókèèrè, ó ń fi ìka júwe wa. Wọ́n ní kí a lọ síbí, a débẹ̀, wọ́n ní ibòmíràn ni. Wọ́n fún mi ní ike kékeré kan kí n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí a padà wá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò kò ṣiṣẹ́, nítorí kò sí iná, kò sì sí epo fún jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kadà láti Jọ́ga ti di ọ̀wọ́n gógó nítorí epo yìí kan náà. Bàbá mi ta àgùntàn kí wọ́n tó ya àwòrán àyà mi. Kò sọ ọ́ fún mi, Màmá mi ló sọ ọ́.

Nígbà tí èsì jáde, dókítà ọ̀dọ́ kan pè wá wọlé. Ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, pé oògùn rẹ̀ wà, pé ọ̀fẹ́ sì ni. Ó wá bi mí léèrè.

"Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?"

"Rárá, sà."

"Ṣíṣà ńkọ́?"

Bàbá mi wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wo fìlà tó gbé lé orúnkún. Inú mi sọ fún mi pé bí mo bá purọ́ níbí, mo kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní róbà kan náà la jọ ń fà. Bàbá mi kò wò mí. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀.

Dókítà náà kò bú mi. Ó ní kòkòrò ló ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, kì í ṣe ṣíṣà, pé kò sí ẹni tó lè búra pé ibi báyìí ni mo ti kó o. Ṣùgbọ́n èéfín ti sọ ẹ̀dọ̀fóró mi di ilé tí kò nílẹ̀kùn, ó ní, ẹni tó bá sì ń bá oníkọ́ fẹnu kan róbà kan náà ti ń pe olè wọlé. Ó gbé àwòrán àyà mi sí iwájú iná. Ojú ihò kan wà lókè apá ọ̀tún. Mo mọ irú rẹ̀. Mo ti rí i lójú títì, lára báńà.

Lójú ọ̀nà ilé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Bàbá mi sọ. "Ìwọ tí o mọ̀wé kà." Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ èébú tó dùn mí tó ìyẹn.

Oògùn náà, oṣù mẹ́fà ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ó rọrùn. Ó ń rìn mí nínú, eegun ń ro mí. Ìtọ̀ mi pupa bí omi sóbò, Màmá mi rí i, ó ké pe Jésù, ó ní oògùn ti ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, àmọ́ ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé. Bàbá mi ni wọ́n ní kó máa wò mí bí mo ṣe ń gbé e mì. Láràárọ̀, yóò jókòó sí iwájú mi bí ẹni ń ṣọ́ ìdánwò, yóò ní kí n la ẹnu kí òun rí abẹ́ ahọ́n mi. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ọjọ́ kan tí Bàbá mi lọ sí oko, Màmá Ẹ̀gùá gbé ọ̀kadà wá. Ó ní òun mọ oníṣègùn kan lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ẹnubodè, pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ó ní kí n fi oògùn òyìnbó sílẹ̀ nílé, pé méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé nínú mi. Màmá mi ń sunkún, ó ti di aṣọ mi. Ìtọ̀ pupa ló ṣì wà lójú rẹ̀. Èmi náà, ó ti sú mi, mo gun ọ̀kadà. A dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà, mo wúkọ́, wọ́n fò sẹ́yìn, wọ́n ní bí a kò bá padà àwọn á yìnbọn sí táyà. Màmá Ẹ̀gùá bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kọ̀, a yí padà sílé. Ẹnubodè tí wọ́n tì, tó sọ gbogbo wa di aláìní, oore kan ṣoṣo tó ṣe mí nìyẹn.

Àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù ní kí n dárúkọ àwọn tí a jọ ń fa róbà, kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò. Rónkẹ́ lọ. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀. "Ṣé o rí i báyìí," ó ní lórí fóònù, "kòkòrò ni, kì í ṣe ṣíṣà." Ó ṣì ń fà á. Jídé, mo pè é títí ó fi gbé e. Ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Jídé, jọ̀ọ́, lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni."

"Kí wọ́n lè wá fi mọ́tò kòrónà gbé mi níwájú ṣọ́ọ̀bù? Bùnmi, àìsàn tìẹ, má fi kọ́ mi lọ́rùn o."

Mo tún pè é. Ó ti dí nọ́ńbà mi. Kí n tó parí oògùn mi, wọ́n ti sin ín. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀ ni. Báńà náà ṣì wà lójú títì nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọjá, Rónkẹ́ ló sọ fún mi. Inú bí mi sí Jídé, ó ṣì ń bí mi sí i, mo sì ń sunkún rẹ̀.

Ní ìparí, nọ́ọ̀sì ní kòkòrò ti kú. Ìjọba sì ṣí ẹnubodè. Màmá mi ní a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ nínú ìjọ. Kí a tó jáde nílé lọ́jọ́ náà, Bàbá mi yọ awò rẹ̀ kúrò lójú, ó ní, "Sọ pé o ṣàìsàn, Olúwa wò ọ́ sàn. Nǹkan yẹn, má dárúkọ rẹ̀."

Mo dìde níwájú ìjọ. Mo wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, àwọn ojúgbà mi. Mo dárúkọ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ṣíṣà, róbà, páálí, bí mo ṣe kà á àti bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́. Mo ní láti dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n mí. Bàbá mi tẹ orí ba lórí Bíbélì rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ọmọbìnrin kan nínú akọrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sístà Bùnmi, èyí tí kò ní àwòrán ńkọ́? Ìyẹn náà léwu ni?"

Mo dá a lóhùn pé ó léwu. Bóyá ó gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀.

Ìwọ tó ń lo oògùn náà lọ́wọ́, lò ó tán. Má fi ọjọ́ kan sílẹ̀, kódà bí ara rẹ bá ti yá, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ kọjá ẹnubodè kankan. Pe àwọn tí ẹ jọ ń fẹnu kan nǹkan. Bí wọ́n bá bú ọ, tún pè wọ́n. Ìwọ náà yóò yè é. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ: kòkòrò ló kú, ihò náà kò dí. Ilé-ẹ̀kọ́ mi ti gba ẹlòmíràn, nítorí mi ò lè sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí ìdúró mọ́. Láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé wa, òkè kékeré kan ni, mo máa ń sá gùn ún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn, mo dúró ní ìdajì rẹ̀, mi ò lè lọ síwájú. Màmá mi àti àwọn àlejò ti kọjá. Bàbá mi, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, yíjú padà, ó rí mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó gba báàgì mi, ó dúró tì mí, ó ń dúró dè mí kí n mí.